Ilé Ọ̀fẹ́ Kan ní Kàbà, àti Ilẹ̀kùn Tí N Kò Wọ̀n

Iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ ni mò ń ṣe. Àwa ni wọ́n ń pè ní estate surveyor: à ń díye lé ilé, à ń bójú tó ilé fún àwọn ọmọ Ọ̀kun, àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, tó kọ́lé sílé tí wọ́n sì ń gbé ní Èkó tàbí Àbújá, à ń gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé, bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá sì dé kóòtù, wọ́n lè pè wá kí a wá sọ iye tí ohun tó wà lórí rẹ̀ tó. Kàbà ni ọ́fíìsì mi wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ a máa gbé mi dé Ìyàrá, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹni tó bá ń kà á lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọṣẹ́ ló fa ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn àkàndá ẹ̀dá lọ́wọ́ ní agbègbè wa ní kí n wá di trọ́stíì, ọ̀kan lára àwọn tó ń bójú tó ẹgbẹ́ àti ohun ìní rẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré ni. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní aṣọ rírán àti bàtà ṣíṣe, wọ́n ń wá ọ̀pá ìrìn àti àga oníkẹ̀kẹ́ fún ẹni tí kò ní, wọ́n sì ń san owó ilé ìwé fún àwọn ọmọ mélòó kan tí kò ríran tàbí tí kò gbọ́rọ̀. Àwa méje la wà ní ìgbìmọ̀. Alága wa jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ẹni kejì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni Ìyá Aránṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí rọpárọsẹ̀ (pólíò) mú un, nígbà tí ẹ̀kán òògùn tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu kò tíì máa dé gbogbo abúlé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòkòrò pólíò àdánidá (wild polio) ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti mú ṣáájú ṣì wà láàárín wa. Wọ́n ti di ìyá ọmọ àti bàbá ọmọ, wọ́n ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń wá ibi tí wọn yóò gbà wọlé.

Ìdí tí wọ́n fi wá mi kò ju ọ̀rọ̀ ilé lọ. Ìgbà mẹ́ta ni ẹgbẹ́ ti kó ẹrù láàárín ọdún mẹ́fà. Onílé á fi owó kún owó, tàbí kí ọmọ onílé ti Àbújá dé kó ní òun fẹ́ lo ilé bàbá òun. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kó, ẹ̀rọ ìránṣọ kan á bàjẹ́, ọmọ kan tàbí méjì á sì dẹ́kun wíwá nítorí pé ibi tuntun ti jìnnà jù fún ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n fẹ́ ibi tí yóò jẹ́ tiwọn.

Lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí mo dé, ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé ní Àbújá ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fi ilé kan ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Ilé oníyàrá márùn-ún, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1984, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan tí kò jìnnà sí títì. Bàbá Tíṣà dá orin sílẹ̀ nínú ìpàdé, gbogbo wa sì gbè é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi: “Iṣẹ́ tìrẹ dé. Bá wa wò ó.”

Mo bá wọn wò ó dáadáa. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé bàbá tó kọ́lé ti kú láìṣe ìwé ìhágún. Ní àṣà wa, bí bàbá bá kú báyìí, ilé rẹ̀ di ilé ẹbí. Kì í ṣe ti ọmọ kan ṣoṣo, bó ti wù kí ọmọ náà lówó tó. Ọmọ kejì sì ni ẹni tó fẹ́ fi í tọrẹ. Kóòtù ti sọ ọ́ tipẹ́: bí ẹnì kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni, bí olórí ẹbí bá tà á láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹbí, àwọn tí wọn kò bi léèrè lè lọ sí kóòtù kí wọ́n dá a nù. Ọ̀rẹ náà kò bọ́ nínú òfin yìí.

Ohun kejì ni ìwé. Òǹtẹ̀ Ìpínlẹ̀ Kwárà ló wà lára gbogbo rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò burú, púpọ̀ nínú ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ Ọ̀kun ló ní in, ṣùgbọ́n ó gba kí ènìyàn tọ ipa rẹ̀ láti fáìlì dé fáìlì kó tó gbà á gbọ́.

Mo tọ ipa rẹ̀. Mo lọ bá dáwódù wọn ní Ìlọrin. Mo lọ bá àbúrò wọn obìnrin ní Ìyàrá. Nígbà tó yá, gbogbo ẹbí pàdé ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ilé náà gan-an. Ìyá àgbà kan, àbúrò olóògbé, jókòó sórí àkéte, ó kí wa ní “Ọ̀kun o”, ó sì ní ọ̀rọ̀ kan péré ni òun ní. Ibojì ẹ̀gbọ́n òun wà ní iwájú ilé, láàárín géètì àti ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ẹni yòówù kó gba ilé, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibojì yẹn. A ní kò sí wàhálà. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo sì fi àmì ibojì náà sínú àwòrán ilẹ̀ tí mo yà.

Mo mú ìròyìn mi lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ojú ewé mẹ́rìnlá ni. Mo sọ bí ògiri ti rí, mo sọ pé páànù orí rẹ̀ yóò gba àyípadà díẹ̀, mo sọ iye tí ilé náà tó lọ́jà, mo sì sọ pé ẹbí ti fọwọ́ sí i. Mo ní kí a gbà á. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ yẹn, ohun tí akọ̀wé kọ ni pé a gba ilé náà “gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn ọmọ ìgbìmọ̀ tó mọ iṣẹ́ ilé”. Bẹ́ẹ̀ trọ́stíì méje ni wá, ó sì yẹ kí olúkúlùkù fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tó ń fọwọ́ sí.

N kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni kò bi mí, mo ṣìṣe. Ìyá Aránṣọ bi mí. Ó ní, “Ṣé màá lè wọ ibẹ̀?” Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá, a ó tún un ṣe.” Mo dáhùn kí ìbéèrè náà tó parí, mo sì ṣí ojú ewé tó kàn. Lónìí, nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìdáhùn yẹn ló ń dùn mí jù.

Ó kù bí ọ̀sẹ̀ méjì kí a tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé ọ̀rẹ nígbà tí ìgbìmọ̀ lọ wo ilé náà. Ìyá Aránṣọ wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP wá, wọ́n so àga rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Àkàsọ̀ mẹ́rin ló wà níwájú ilé. Ọ̀dọ́kùnrin méjì gbé òun àti àga rẹ̀ gòkè. Ó di apá àga mú, ó di ojú rẹ̀ pa, kò sì là á títí wọ́n fi gbé e sílẹ̀. Àti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí ọjọ́ tó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun.

Ó yí táyà rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó lọ tààrà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì gbìyànjú láti wọlé. Férémù ilẹ̀kùn náà jẹ́ 75 sẹ̀ǹtímítà, bí ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ púpọ̀ nílùú wa. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá yọ igi etí rẹ̀ àti nínípọn ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ kúrò, àyè tó kù kò ju 68 lọ. Mo yọ téèpù mi, mo wọn àga rẹ̀: 66. Lórí ìwé, ó wọlé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ló fi ń ti táyà, ìta táyà ni ìka rẹ̀ sì máa ń wà. Mo rí bí férémù ṣe ha ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó dúró. Ó fà sẹ́yìn. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gún sìmẹ́ńtì tó tutù, ó sì fi ìdí wọ́ wọlé, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ń kan ilẹ̀. Ìgbà tó dé ìdí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ló yíjú padà.

“Àbúrò mi,” ó ní, “ibi tí màá máa gbà lójoojúmọ́ nìyí. Àwọn ọmọbìnrin tí mò ń kọ́ ní iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ni wọn yóò máa gbà.”

Kò bínú. Ó ń fi hàn mí ni, bí ìgbà tó ń fi ojú abẹ́rẹ́ han ọmọ iṣẹ́.

Mo lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, n kò sì lè jẹun. Mo mọ òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe nítorí àwọn àkàndá ẹ̀dá, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019. Mo mọ̀ pé ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún kí wọ́n tún ara wọn ṣe, kí ẹni tó ní ìpèníjà ara lè wọ̀ wọ́n. Mo mọ̀ pé òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ sí pílánù irú ilé bẹ́ẹ̀ láìsí ọ̀nà àbáwọlé fún wọn lè san ó kéré tán ₦1,000,000, tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura. Mo ti ka òfin yìí sí oníbàárà mi kan létí lórí ilé ìtajà rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó kan ilé tí àwọn tí òfin náà wà fún yóò máa lò, mo wo páànù, mo wo ògiri, mo wo ìwé, n kò wo ilẹ̀kùn.

A gbìyànjú bóyá a lè tún un ṣe. Ọ̀nà dídagẹ̀rẹ̀ tí àga oníkẹ̀kẹ́ lè gùn láìsí pé ẹlòmíràn ń tì í gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po 12 gíga rẹ̀. Àkàsọ̀ mẹ́rin tó wà níbẹ̀ ga ní 60 sẹ̀ǹtímítà. Ìlọ́po 12 rẹ̀ jẹ́ mítà 7.2. Láti ilẹ̀kùn dé ibi tí ibojì ti bẹ̀rẹ̀, mítà mẹ́rin péré ni. Àwòrán tí mo fọwọ́ ara mi yà ló wà níwájú mi, ibojì náà wà lórí rẹ̀, mo sì ti ṣèlérí fún ìyá àgbà. Bí a bá ní kí ọ̀nà náà yí gba ẹ̀gbẹ́, sókàwéè ló wà lápá ọ̀tún, apá òsì sì jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àgbàrá ti ń jẹ lọ́dọọdún. Inú ilé ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni ògiri rẹ̀. Bíríkìlà tó dàgbà jù lára àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ wò ó, ó ní bí a bá fẹ ilẹ̀kùn mẹ́fà lójú ẹ̀ẹ̀kan, kí a múra láti tún ògiri mọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní tirẹ̀ gba kí a wó o, nítorí àga oníkẹ̀kẹ́ nílò nǹkan bí 150 sẹ̀ǹtímítà kó tó lè yí po, èyí tó wà níbẹ̀ kò sì ju 120 lọ ní ìbú. Iye owó náà sún mọ́ iye tí a fi lè kọ́ ilé kékeré tuntun.

Mo kọ ìròyìn mìíràn, ojú ewé kan. Mo kọ ọ́ pé mo ṣìṣe nínú èyí àkọ́kọ́, mo sì kọ ibi tí mo ti ṣìṣe. Bàbá Tíṣà ní kò pọn dandan kí n kọ ọ́ báyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó wà nínú fáìlì.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹbí, nítorí pé a ní láti sọ fún wọn pé a kò lè gba ilé náà mọ́. Mo rò pé inú yóò bí wọn. Ìyá àgbà náà ló tú u. Àbúrò olóore wa, obìnrin ti Ìyàrá, ti ń fẹ́ kí ilé má kúrò nínú ẹbí láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú ló ń tì í láti sọ ọ́. Ìyá àgbà ní kó ra ilé náà, kí wọ́n kó owó rẹ̀ fún ẹgbẹ́, kí ibojì sì wà lọ́wọ́ ọmọ olóògbé. Olóore wa gbà. Dáwódù gbà. Àwọn yòókù fọwọ́ sí i.

Owó ti wà, ilẹ̀ ló kù. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí lọ́nà mìíràn.

Oníbàárà mi kan ní ilẹ̀ kan tó tẹ́jú, kò jìnnà sí ọjà, ọ̀nà rẹ̀ dán dé ẹnu títì. Ó ti ní kí n bá òun tà á láti bí oṣù mẹ́fà, owó iṣẹ́ mi sì ń bẹ nínú rẹ̀. Ní gbogbo Kàbà, n kò mọ ilẹ̀ tó dára fún ẹgbẹ́ jù ú lọ. Bàbá Tíṣà mọ ilẹ̀ náà, ó ní kí n bá wọn dúnàádúrà. Mo ní n kò ní lè ṣe é.

“Kí ló dé tí o fi ń sá fún ohun tí o mọ̀ jù wá lọ?”

Mo ṣàlàyé fún un. Ẹni tó ń bá olówó ilẹ̀ wá owó tó pọ̀ kò lè tún jẹ́ ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ wá owó tó kéré. Òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020, èyí tí ẹgbẹ́ tó ní trọ́stíì wà lábẹ́ rẹ̀, kò fẹ́ kí owó ẹgbẹ́ di èrè ní àpò ọmọ ẹgbẹ́. Ó gbà kí wọ́n dá owó tí trọ́stíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ná padà fún un, ó tilẹ̀ gba owó iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n. Nítorí náà kì í ṣe pé òfin ká mi lọ́wọ́ kò pátápátá. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ yìí kan náà ti gba ìròyìn ojú ewé mẹ́rìnlá lọ́wọ́ mi láìbéèrè nǹkan kan. Bí mo bá tún sọ pé iye báyìí ni ilẹ̀ náà tó, wọn yóò gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ibi tí ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn gbé Ìyá Aránṣọ dé.

Mo kọ̀wé sí alága, mo sọ ẹni tí oníbàárà náà jẹ́ sí mi àti iye tí ǹ bá jẹ níbẹ̀. Mo kọ̀wé sí oníbàárà pé n kò lè ṣojú rẹ̀ lórí títà yìí, n kò sì ní gba kọ́bọ̀. Mo ní kí ìgbìmọ̀ pe estate surveyor mìíràn láti Lọ́kọ́ja, ẹni tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ọjọ́ tí wọ́n jíròrò ilẹ̀ náà, mo jáde, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níta fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Iye tí ará Lọ́kọ́ja náà kọ kéré sí ti ọkàn mi. Orí rẹ̀ ni wọ́n fi dúnàádúrà, wọ́n sì rà á. Oníbàárà mi kó ilé méjì mìíràn kúrò lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìyẹn. Ó dùn mí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún la ti jọ wà.

Níbi ìwé, mo padà wúlò. Lọ́yà kọ orúkọ Bàbá Tíṣà sí ìwé ilẹ̀ “gẹ́gẹ́ bí alága”. Mo ní kó yọ ọ́. Ohun tí ìforúkọsílẹ̀ ṣe fún wa ni pé ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ lè ní ilẹ̀, ó lè pe ẹjọ́, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́, bí gbogbo àwa méje bá sì kú lónìí, kò kú. Orúkọ yẹn ló yẹ kó wà lórí ìwé ilẹ̀, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má bàa wá sọ lọ́la pé ilẹ̀ bàbá òun ni. Ibẹ̀ la ti rí i pé méjì nínú àwọn trọ́stíì tí orúkọ wọn wà ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ti di olóògbé, a kò sì tíì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn. Ìwé ọdọọdún tó yẹ kí ẹgbẹ́ máa fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 30 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù kejìlá náà ti wọ gbèsè. Ìyẹn gba oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ wa. Ilẹ̀ náà ní C of O, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, nítorí náà òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó lè kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Fáìlì náà wà ní Lọ́kọ́ja bí mo ti ń kọ èyí. Èmi ni mò ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò, owó ọkọ̀ mi nìkan ni mo sì ń gbà, pẹ̀lú rìsíìtì.

Kí ẹnikẹ́ni tó ya pílánù, Ìyá Aránṣọ ní kí a da eérú sórí ilẹ̀. Ó gun àga rẹ̀ wọ inú eérú, ó yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a sì wọn ojú táyà tó hàn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò ríran rìn láti ibi tí géètì yóò wà dé ibi tí yàrá ẹ̀kọ́ yóò wà, ó ní kí a má ṣe fi òpó kankan sí àárín, kí a sì jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàtọ̀ sí ti yàrá, kí ẹsẹ̀ òun lè mọ ibi tí òun dé. Ayàwòrán kọ 80 sí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyá Aránṣọ gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fagi lé e, ó kọ 90.

Ògiri ti ga dé orí fèrèsé báyìí. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni, kò sí àkàsọ̀ kankan. Ní Sátidé tó kọjá, Ìyá Aránṣọ wá wò ó. Kò tíì sí férémù, kò tíì sí páànù. Ó ti ara rẹ̀ gba ojú ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọlé, ó yí po, ó jáde. Ó tún padà wọlé. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó na ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì síta bó ti ń kọjá, kò sì kan ògiri. Ó ní kí n mú téèpù mi wá, kí n wọ̀n ọ́n kí bíríkìlà tó rẹ́ ẹ, nítorí pé sìmẹ́ńtì rírẹ́ máa ń jẹ àyè. Mo wọ̀n ọ́n. 97 ni. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.